Converter load cell: 4-20 mA, RS485, network àbí indicator, èwo lẹ máa mú?

Ohun tó kọ́kọ́ máa ń kó sí èèyàn lójú tó bá fẹ́ ra converter, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń sọ iná kékeré tó ń jáde lára load cell (irin tó ń mọ bí ẹrù ṣe wúwo tó) di ìwọ̀n tó ṣeé kà, ni bit, ìyẹn bó ṣe lè gé ìwọ̀n sí ìpele kéékèèké tó. Èyí ní 24 bit, ìyẹn ní 16, ọ̀rọ̀ ti bùṣe, èyí tó pọ̀ jù ni wọ́n á gbé. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Chip HX711 tí àwọn tó ń fi nǹkan ṣeré nílé fi ń ṣe òṣùwọ̀n kékeré, 24 bit lòun náà, ṣùgbọ́n ta ló máa gbé e sábẹ́ sáìlò (àká ńlá) tọ́ọ̀nù mẹ́wàá tí ọkàn ẹ̀ á balẹ̀? Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni pé ta ló fẹ́ ka ìwọ̀n yìí? Ṣé PLC (kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́) ni, ṣé kọ̀ǹpútà ni, àbí òṣìṣẹ́ tó dúró síwájú ẹ̀rọ? Báwo ló ṣe jìnnà tó síbi tí load cell wà, báwo sì ni ìwọ̀n náà ṣe gbọ́dọ̀ yára dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ tó? Tẹ́ ẹ bá ti lè dáhùn mẹ́ta yìí, iṣẹ́ yíyàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, èyí tó kù ò ju wáyà àti sùúrù lọ.

Nǹkan tí gbogbo wọn jọ ń gbà wọlé

Load cell tá à ń sọ yìí, irin ni, wọ́n lẹ strain gauge mọ́ ọn lára, wọ́n wá so gauge mẹ́rin pọ̀ bíi bridge ti Wheatstone. Ẹrù tẹ irin, irin tẹ̀ díẹ̀ tí ojú ò lè rí, resistance yí padà díẹ̀, ohun tó bá sì jáde lẹ́nu wáyà kéré gan-an ni. Tí wọ́n bá kọ 2 mV/V sí i lára, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé tẹ́ ẹ bá fún un ní 10V, tí ẹrù sì kún dé ibi tágbára ẹ̀ mọ, 20 mV péré ló máa dá padà fún yín. Tó bá jẹ́ 5V lẹ fún un, 10 mV.

Ẹ jẹ́ ká mú sáìlò kan tá a máa fi ṣe àpẹẹrẹ títí dé ìsàlẹ̀: load cell mẹ́rin ló dúró lé, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gbé tọ́ọ̀nù 5, àpapọ̀ jẹ́ 20. Sáìlò fúnra ẹ̀ lófìfo wọn tọ́ọ̀nù 4, ẹrù tá a fẹ́ máa kó sínú ẹ̀ ò ju tọ́ọ̀nù 10 lọ. Nínú 20 mV yẹn, ìdajì péré lẹrù tiwa máa lò, ìyẹn 10 mV fún 10,000 kg. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò: 1 µV (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mV) fún kg kan! Ẹ fi 5V bọ́ ọ, ó di ìdajì µV. Nǹkan tó kéré báyìí ni converter máa gbà, tó máa sọ ọ́ di tó tóbi, tó sì máa gbé e jáde ní èdè tí ẹni tó ń ka ìwọ̀n gbọ́. Gbogbo irú converter ló ń ṣe apá àkọ́kọ́ yẹn bákan náà. Èdè tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ jáde ni wọ́n fi yàtọ̀.

Ìdí nìyẹn tí bit ò fi tó nǹkan. 24 bit jẹ́ ìpele 16,777,216, ó dùn ún gbọ́ létí, ṣùgbọ́n ariwo iná inú converter fúnra ẹ̀ ti jẹ ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ máa wá nínú ìwé ẹ̀ ni iye ìpele tí kò mì, iye µV tó kéré jù tó lè gbà fún ìpele kan, àti bó ṣe ń sún tí ooru bá yí, èyí tí wọ́n máa ń kọ ní ppm/°C (ìdá mélòó nínú mílíọ̀nù fún °C kọ̀ọ̀kan). Converter tí wọn ò kọ ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí sínú ìwé ẹ̀, tó jẹ́ pé kìkì 24 bit ni wọ́n kọ gàdàgbà síwájú páálí, èmi ò ní rà á.

4-20 mA

Àgbà ni, kò sì tíì kú: converter á gbé current jáde, 4 mA fún òdo, 20 mA fún ẹrù tó kún. PLC tó bá ti ní káàdì analog lè kà á, kò sí pé software kan ò bá òmíràn mu. Àǹfààní ẹ̀ tó dùn mọ́ mi jù ni pé òdo ẹ̀ kì í ṣe òdo: sáìlò ṣófo, 4 mA ṣì ń lọ. Tí wáyà bá já, current á bọ́ sí 0, PLC á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀, kò ní rò pé ẹrù ti tán kó wá ṣí fáàfù. Àdéhùn NAMUR NE 43 tiẹ̀ sọ ọ́ gbangba pé láti 3.8 dé 20.5 mA ni ìwọ̀n gidi, 3.6 sísàlẹ̀ tàbí 21 sókè, àṣìṣe ni. Tí converter yín bá ní ibi tẹ́ ẹ ti lè yan ohun tó máa ṣe tí load cell bá já, ẹ yan ọ̀kan nínú méjèèjì, ẹ má fi sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ohun mìíràn ni pé current ò bìkítà bí wáyà ṣe gùn tó, bí a ò bá ti kọjá resistance tí converter lè gbé, èyí tí wọ́n máa ń kọ sínú ìwé ẹ̀. Ariwo motor kì í sì í tètè ràn án bó ṣe ń ran 0-10V, èyí tó ń fi volt sọ ìwọ̀n dípò current.

Ibi tó ti ń dunni wá dà? Ẹ̀ẹ̀mẹta la yí i padà. Converter ti sọ mV di nọ́ńbà, ó tún sọ nọ́ńbà di mA, PLC tún wá sọ mA di nọ́ńbà, ìkọ̀ọ̀kan ló sì ń já díẹ̀ jẹ lójú ọ̀nà. Tí káàdì PLC bá jẹ́ 12 bit tó ń ka 0 dé 20 mA, ìpele 4,096 ló ní, ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ẹ̀ la lò, ìyẹn bíi 3,277. Lórí sáìlò wa, ìpele kan ju kg 3 lọ díẹ̀. Converter yín ì báà ní bit ọgọ́rùn-ún, kg 3 lẹ máa rí. Lórí PLC Siemens S7, 4 dé 20 mA jẹ́ 0 dé 27648 nínú PLC, ìyẹn á gbé e sí bíi 0.36 kg, èyí sàn jù púpọ̀. Torí náà, ẹ wo káàdì kẹ́ ẹ tó wo converter.

Ó tún kù: nọ́ńbà kan ṣoṣo ló ń gbà kọjá. Ẹ ò lè fi wáyà méjì yẹn sọ fún un pé kó padà sí òdo, kò sì lè sọ fún yín pé load cell kẹta ló ń ṣàìsàn. Ẹ wo èyí náà dáadáa kẹ́ ẹ tó so wáyà: ta ló ń fún loop (ìlà wáyà méjì tí current ń gbà) níná? Converter kan á gbé iná jáde fúnra ẹ̀, òmíràn ń dúró de 24V látòde. Tí converter ń bọ́ loop, tí káàdì PLC náà ń bọ́ ọ, méjèèjì á dojú kọra wọn, ẹ máa wo nọ́ńbà tí kò nítumọ̀, bóyá ẹ tiẹ̀ máa jó káàdì.

Tẹ́ ẹ bá ti so ó tán, ẹ má tíì gbé ẹrù kankan. Ọ̀pọ̀ converter ní mẹ́nù tẹ́ ẹ ti lè pàṣẹ fún un kó gbé 4, 12 àti 20 jáde. PLC gbọ́dọ̀ rí 0, 5,000 àti 10,000 kg. Tó bá rí nǹkan mìíràn, scaling inú PLC (bó ṣe ń sọ mA di kg) lẹ máa tún ṣe, ẹ má lọ máa fọwọ́ kan calibration (òdo àti ẹrù tẹ́ ẹ fi kọ́ converter) torí àṣìṣe tí kì í ṣe tiẹ̀.

0-10V ńkọ́? Inú páànẹ́lì kan náà, wáyà tí kò ju mítà kan méjì lọ, kò burú. Tó bá ti jáde lọ sáàárín ilé iṣẹ́, ẹ fi sílẹ̀, nígbà tí kò tiẹ̀ lè sọ fún yín pé wáyà já.

RS485, Modbus RTU

Modbus, èdè tí wọ́n sábà máa ń sọ lórí wáyà RS485, ti wà láti 1979, Modicon ló gbé e jáde, síbẹ̀ òun ṣì ni ọ̀pọ̀ converter ń sọ. Ohun tó dùn nínú ẹ̀ ni pé ìwọ̀n dé ọ̀dọ̀ PLC gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà, 7,342 kg ni 7,342 kg, kò sí scaling, kò sí káàdì tó ń jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà. Wáyà méjì péré lẹ fi máa to converter mọ́ra wọn, RS485 lè gbé 32 láìlo ẹ̀rọ àfikún, ó sì lè dé 1,200 mítà tí eré ẹ̀ ò bá pọ̀ jù. Ẹ tún lè rán òdo àti tare (yíyọ ìwọ̀n ohun tó gbé ẹrù kúrò) láti orí PLC, ẹ lè ka status, ẹ lè mọ̀ bóyá ìwọ̀n ti dúró jẹ́ẹ́ àbí ó ṣì ń mì.

Ṣùgbọ́n ó nílò ẹni tó máa fara balẹ̀ o. Àwọn nǹkan tó ń dá iṣẹ́ dúró níbí, ìkan náà ni wọ́n ní gbogbo ìgbà, ẹ sì lè yẹ̀ wọ́n wò tẹ̀lé ara wọn. Àkọ́kọ́, A àti B: àwọn tó ń ṣe é ò fẹnu kò lórí èwo ni rere èwo ni òdì, torí náà tí kò bá dáhùn, ẹ kàn yí wáyà méjèèjì padà, kò ní bà á jẹ́. Èkejì, àdírẹ́sì: 1 dé 247, méjì ò gbọ́dọ̀ jọra, tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú nínú páálí sábà máa ń jẹ́ 1 gbogbo wọn, ẹ so wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ yí ti ìkan kẹ́ ẹ tó so èkejì. Baud rate (eré tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀) àti parity (ohun tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ bàjẹ́ lójú ọ̀nà) gbọ́dọ̀ bára mu lọ́tùn-ún lósì. Resistor 120 ohm ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí okùn nìkan, kì í ṣe lórí gbogbo converter, ìlà náà sì gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ ìkan dé ọ̀dọ̀ ìkejì, ẹ má jẹ́ kó ya ẹ̀ka bí igi.

Tó bá ti ń dáhùn àmọ́ tí nọ́ńbà ẹ̀ jẹ́ wèrèwèrè, ọ̀nà méjì ló wà. Ó lè jẹ́ pé register (ojú ibi tí converter tọ́jú nọ́ńbà sí) lẹ fi ìkan ṣì, torí ìwé kan á kọ 40001, PLC á pe ohun kan náà ní 0, ẹ fi ìkan kún un tàbí ẹ yọ ìkan. Ó sì lè jẹ́ pé ìwọ̀n yẹn gba register méjì, apá tó yẹ kó ṣáájú ló wá lẹ́yìn, ẹ ṣáà pààrọ̀ wọn. Ẹni tó bá wá rí i pé nọ́ńbà tọ̀nà tán àmọ́ ó fi ìlọ́po mẹ́wàá jù, ibi tí àmì decimal wà ni kó lọ wò, ọ̀pọ̀ converter máa ń rán nọ́ńbà láìní àmì yẹn, wọ́n á tọ́jú ẹ̀ sínú register míì.

Eré ẹ̀ ńkọ́? Ní 9600 baud, ìbéèrè kan àti ìdáhùn kan fún register méjì jẹ́ nǹkan bíi byte 17, ó ń sún mọ́ 20 ms lórí wáyà, ẹ fi àkókò ìdákẹ́ àti èyí tí converter fi ń ronú kún un. Converter mẹ́wàá lórí ìlà kan, ó lè di ìdá mẹ́ta ìṣẹ́jú-àáyá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó kan èyí àkọ́kọ́ padà. Fún sáìlò, ta ló kàn? Sáìlò ò sáré lọ síbì kankan. Fún ẹ̀rọ tó ń kún àpò, tó gbọ́dọ̀ ti fáàfù ní ìṣẹ́jú-àáyá kan pàtó, ó ti pẹ́ jù, ẹrù á ti kọjá ibi tẹ́ ẹ fẹ́. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí converter fúnra ẹ̀ fi relay (swíìṣì tí iná ń tì) tirẹ̀ pa fáàfù, kí PLC kàn máa gbọ́ ìròyìn.

Profinet, EtherNet/IP, EtherCAT àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn

Èdè network orí kébù Ethernet làwọn yìí. Wọ́n yára, wọ́n sì ń gbé gbogbo nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà: ìwọ̀n, status, àṣẹ, láìsí pé PLC ń bèèrè lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ máa nílò fáìlì tí ẹni tó ṣe é fi sílẹ̀, GSD fún Profinet, EDS fún EtherNet/IP, ESI fún EtherCAT, ẹ gbé e sínú software PLC, converter á yọ bí ẹni pé ilé ẹ̀ nibẹ̀. Kébù bàbà ò gbọ́dọ̀ kọjá 100 mítà láti ojú kan dé èkejì.

Ojú abẹ níkòó, tí PLC yín ò bá sọ èdè yẹn tẹ́lẹ̀, ẹ má torí converter kan ṣoṣo kó o wọlé. Àmọ́ tí ilé iṣẹ́ ti wà lórí Profinet látilẹ̀wá, tó sì jẹ́ ẹ̀rọ tó ń dà á, tó ń wọ̀n ọ́n, tó ń pò ó, èyí ni kẹ́ ẹ mú láìwẹ̀yìn. Àwọn module tó ń jókòó sínú PLC fúnra ẹ̀ tún wà, irú SIWAREX ti Siemens, wọn ò nílò converter lọ́tọ̀ rárá. Ẹ rántí nígbà náà pé mV ló máa rìn láti sáìlò dé páànẹ́lì, nítorí pé ibi tí module wà ni ibi tí PLC wà, ẹ̀rù yẹn ni mo máa sọ nípa ẹ̀ nísàlẹ̀.

Indicator, tó ní ojú

Èyí tó ní nọ́ńbà gàdàgbà níwájú, bọ́tìnnì òdo, bọ́tìnnì tare. Tó bá jẹ́ èèyàn ló ń wọn ẹrù, kò sídìí láti máa ro PLC, ẹ gbé indicator. Púpọ̀ nínú wọn lè gbé 4-20 mA tàbí RS485 jáde pẹ̀lú, torí náà kò di dandan kẹ́ ẹ yàn láàárín ojú àti wáyà.

Ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ta ọjà fún oníbàárà, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Òfin ìwọ̀n ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tẹ̀lé OIML R76 (ìlànà àgbáyé fún òṣùwọ̀n), àwọn ohun èlò ibẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí wọ́n ti fọwọ́ sí, wọ́n á sì fi èdìdì dì í kí ẹnikẹ́ni má lọ yí calibration. Load cell náà máa ń ní kíláàsì OIML R60, irú C3, ìyẹn ìpele 3,000. Converter tí kò ní ìwé àṣẹ ò lè jókòó síbẹ̀ bó ti wù kó dáa tó, ẹ bèèrè kẹ́ ẹ tó sanwó, nítorí kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa tún un ṣe lẹ́yìn náà.

| | 4-20 mA | RS485 | Network | Indicator |
|---|---|---|---|---|
| Ìwọ̀n tó ń dé PLC | ó ń já lójú ọ̀nà | pé pérépéré | pé pérépéré | ó dá lórí wáyà tẹ́ ẹ so |
| Eré | yára | kò yára tí wọ́n bá pọ̀ lórí ìlà | yára jù | fún ojú èèyàn, ó tó |
| Òdo àti tare láti ọ̀nà jíjìn | rárá, àyàfi pẹ̀lú wáyà míì | bẹ́ẹ̀ ni | bẹ́ẹ̀ ni | bọ́tìnnì wà níwájú |
| Ọgbọ́n tó nílò láti so ó | díẹ̀ | àárín | púpọ̀ | díẹ̀ |
| Bó bá bàjẹ́ lóru | irú èyíkéyìí lè rọ́pò ẹ̀ | register lè yàtọ̀ | irú kan náà ni | ó dá lórí irú ẹ̀ |

Wáyà mẹ́rin àbí mẹ́fà

Ibí yìí lówó ń bọ́ lọ tí ẹnikẹ́ni ò rí. Load cell oníwáyà mẹ́rin: méjì gbé iná lọ, méjì gbé mV bọ̀. Oníwáyà mẹ́fà fi méjì kún un tí wọ́n ń pè ní sense, iṣẹ́ wọn ni kí converter máa wo iye iná tó dé ọ̀dọ̀ bridge gan-an, kì í ṣe iye tó rò pé òun rán.

Ẹ ṣírò ẹ̀ lórí sáìlò wa. Load cell mẹ́rin 350 ohm ní parallel jẹ́ 87.5 ohm. Kébù 50 mítà, wáyà tó tẹ́ẹ́rẹ́ bíi 0.22 mm², àlọ àti àbọ̀ ẹ̀ jẹ́ bíi 8 ohm. Iná tó ju ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún lọ ti pòórá sínú kébù! Ìyẹn nìkan ò burú, calibration máa gbé e mì. Wàhálà ni pé bàbà ń yí resistance ẹ̀ ní nǹkan bíi 0.39% fún °C kọ̀ọ̀kan. Ooru yí ní 20 °C láàárín òru àti ọ̀sán, 8 ohm di bíi 8.6, iná tó dé bridge sún ní bíi 0.65%. Lórí tọ́ọ̀nù 14 tó wà lórí load cell nígbà tí sáìlò bá kún, kg 90 ó lé díẹ̀ ló ti sọnù tàbí yọjú láìsí ẹni tó bu nǹkan kan! Wọ́n á máa bú load cell, wọ́n á máa ra òmíràn, nígbà tó jẹ́ pé kébù ni.

Torí náà: tí converter bá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ junction box (àpótí tí wáyà gbogbo load cell ti pàdé), wáyà mẹ́rin tó. Tó bá jìnnà, ẹ fa mẹ́fà láti converter dé junction box. Tí converter bá ní ojú mẹ́fà tí kébù yín sì jẹ́ mẹ́rin, ẹ fi wáyà kékeré so sense pọ̀ mọ́ excitation (méjì tó gbé iná lọ) níbi converter, rere mọ́ rere, òdì mọ́ òdì, nítorí sense tó bá wà láìso, ìwọ̀n á máa fò bí ẹyẹ. Ẹ má gé kébù tó bá load cell oníwáyà mẹ́rin wá láti ilé iṣẹ́, gígùn ẹ̀ wà nínú mV/V tí wọ́n kọ sí i. Ẹ ká a pọ̀ kẹ́ ẹ fi sílẹ̀.

Ní tèmi o, ọ̀nà tó dáa jù ni kẹ́ ẹ gbé converter sún mọ́ load cell, kó jẹ́ èdè tó lágbára ló máa rìn jìnnà, yálà mA tàbí RS485. µV ò yẹ ní ohun tí èèyàn ń rán lọ sọ́nà jíjìn.

Ẹ tún wo agbára tí converter fi ń bọ́ load cell. Mẹ́rin ní 10V ń mu bíi 114 mA, ní 5V bíi 57. Tó bá jẹ́ mẹ́jọ, resistance bọ́ sí bíi 43.75 ohm. Ìwé converter gbọ́dọ̀ sọ iye tó kéré jù tó lè gbé, tẹ́ ẹ bá kọjá ẹ̀, iná excitation á bọ́ sílẹ̀, ìwọ̀n náà á bá a lọ.

Síso, òdo, ẹrù

Àwọ̀ wáyà: pupa àti dúdú fún excitation, àwọ̀ ewé àti funfun fún signal (méjì tó gbé mV bọ̀) ló wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ilé iṣẹ́ ló ń tẹ̀ lé e, ẹ wo ìwé load cell. Tí ìwé bá ti sọnù, ẹ gbé mítà ohm. Nínú wáyà mẹ́rin, méjì tí resistance wọn pọ̀ jù, bíi 380 dé 410 ohm, ni excitation sábà máa ń jẹ́. Méjì tó kù á jẹ́ nǹkan bíi 350, signal nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá wá wọn ìkan nínú èyí pẹ̀lú ìkan nínú ìyẹn, gbogbo ẹ̀ á kéré ju 350 lọ, á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Tí ìkan bá yàtọ̀ gedegbe, load cell yẹn ti gbọgbẹ́. Ẹ má gbé megger 500V (mítà tó ń fi iná ńlá dán wáyà wò) sí i o, gauge á jó, èyí tí ò kọjá 50V ni kẹ́ ẹ lò. Shield kébù (irin tó bo wáyà inú ẹ̀), ìpẹ̀kun kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ ti so mọ́ earth, kẹ́ ẹ sì gba ọ̀nà míì fún kébù drive àti motor. Tí wọ́n bá fẹ́ wẹ́ẹ̀dì nǹkan lórí sáìlò, ẹ tú load cell kúrò lára converter kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí wọ́n fi earth wẹ́dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń jó irin gan-an, kí current má gba inú load cell kọjá.

Ẹ tan converter, ẹ jẹ́ kó gbóná fún bí ìdajì wákàtí, ẹ wá mú òdo nígbà tí sáìlò ṣófo. Ọ̀nà méjì ló wà fún span, ìyẹn kíkọ́ converter ní iye kg tí mV tó ń gbà jẹ́.

Ọ̀nà ẹrù gidi: ẹ gbé ìwọ̀n tẹ́ ẹ mọ̀ sí i, ó dáa kó tó ìdajì ohun tẹ́ ẹ fẹ́ máa wọ̀n, ẹ sọ iye ẹ̀ fún converter, ẹ gbé e kúrò, òdo gbọ́dọ̀ padà wá. Ọ̀nà yìí ló sọ òtítọ́ jù, torí páìpù, àtẹ̀gùn, gbogbo ohun tó ń bá sáìlò fa ẹrù ló wà nínú ìwọ̀n náà. Tí irin ìwọ̀n yín ò bá tó, ẹ gbé èyí tẹ́ ẹ ní, ẹ kọ nọ́ńbà sílẹ̀, ẹ gbé e kúrò, ẹ da ẹrù tàbí omi sí i títí nọ́ńbà náà á tún fi yọ, ẹ tún gbé irin náà padà, ẹ máa tún un ṣe títí ẹ ó fi dókè.

Ọ̀nà mV/V: ẹ kọ àpapọ̀ agbára load cell, 20 tọ́ọ̀nù, àti mV/V wọn, ẹ mú àròpín nọ́ńbà tó wà nínú certificate wọn, bíi 2.0003, converter á ṣírò ìyókù. Ó yára, kò sí ẹrù láti gbé. Mo gbà á fún sáìlò tí páìpù ẹ̀ rọ̀, tí kò sì sídìí tó fi gbọ́dọ̀ pé dé kg kan. Ṣùgbọ́n tí páìpù irin gbagidi bá so mọ́ ọn lápá kan, páìpù yẹn ń bá yín gbé ẹrù, converter ò sì lè mọ̀. Ẹ gé páìpù kẹ́ ẹ fi rọ́bà sáàárín, kẹ́ ẹ tó máa wá bú calibration.

Igun mẹ́rin kù: ẹ gbé ìwọ̀n kan náà sórí igun kọ̀ọ̀kan, tí nọ́ńbà bá yàtọ̀, inú junction box lẹ máa tún un ṣe, kí ẹ tó mú span. Sáìlò tí ẹrù ń tò láàárín, ìyẹn ò ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀, pèpéle tí ẹrù lè bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ló nílò ẹ̀ gan-an.

Filter, tó ń mú kí nọ́ńbà má mì, lèyí tí gbogbo èèyàn máa ń ṣi lò. Wọ́n rí i pé nọ́ńbà ń mì, wọ́n á gbé filter dókè pátápátá, nọ́ńbà á dúró jẹ́ẹ́, inú wọn á dùn, ẹ̀rọ á wá ń kún jù lójoojúmọ́ torí pé ìwọ̀n tí PLC ń rí ti pẹ́. Sáìlò tó ní mixer nínú lè gba filter tó lọ́ra, kíkún àpò ò lè gbà á. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti èyí tó yára, ẹ máa dínkù díẹ̀díẹ̀ títí mímì náà á fi wọnú ìpele kan tẹ́ ẹ lè gbà, ẹ dúró níbẹ̀. Auto-zero, tó ń dá òdo padà fúnra ẹ̀ náà ńkọ́? Lórí sáìlò tí ẹrù máa ń jò díẹ̀díẹ̀, ẹ pa á, nítorí á máa gbé jíjò yẹn mì bíi pé kò ṣẹlẹ̀.

Tó bá dọjọ́ kan tí òdo ń rìn kiri, omi inú junction box ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ tú gbogbo load cell, ẹ so ìkan ìkan mọ́ converter, èyí tó ń rìn nìkan lẹ máa pààrọ̀.

Kẹ́ ẹ tó ti páànẹ́lì, ẹ ya fọ́tò gbogbo mẹ́nù, ẹ kọ mV òdo àti mV span sílẹ̀ sínú ìwé tó wà nínú páànẹ́lì náà. 4-20 mA tó bá kú, irú èyíkéyìí tó wà nílé lẹ lè fi rọ́pò, ẹ kàn kọ mV wọ̀nyẹn sí i. RS485, ẹ wo bóyá register tuntun bá ti àtijọ́ mu. Network, kìkì irú kan náà tàbí kẹ́ ẹ padà sínú software PLC lọ yí fáìlì, torí náà ẹ ra méjì látìbẹ̀rẹ̀, ẹ fi ìkan sínú àpótí, kẹ́ ẹ sì ti yí àdírẹ́sì ẹ̀ sílẹ̀.